Ìjọba Ìbílẹ̀ Tó Gé Owó Orí Igbó Kù Fúnra Rẹ̀

Bí ẹ bá dúró síbi tí àwọn ọlọ́kadà ń tò sí ní Òkè-Àró lónìí, tí ẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ti dín owó orí igbó kù kí àwọn tó ń gbìn ín lè rí ibi mí, ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá yín lóhùn. Ẹlòmíràn á bi yín bóyá ẹ̀yin náà ti fà díẹ̀ níbẹ̀ ni. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwa, igbó ò lówó orí, ẹ̀wọ̀n ló ní. Síbẹ̀, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Humboldt, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní àríwá Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, gé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ igbó tó níwèé àṣẹ kù ní ìdá 85 nínú 100. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ló pàṣẹ fún wọn. Àwọn tí owó náà ń wọ àpò wọn gan-an ló ní kó dín kù.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, torí pé ààbọ̀ ìròyìn yìí ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. "Igbó ti bófin mu ní Amẹ́ríkà" ni gbogbo wa ń gbọ́. Ẹni tó ń gba owó lórí rẹ̀, iye tó ń gbà, àti ohun tí owó náà ń fojú ọjà rí, kì í bá a dé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti mọ àwa ọmọ ẹ̀ka yìí sí, ìyẹn ọ̀rọ̀. "Owó orí" jẹ́ ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn gbangba: owó tí èèyàn ń san nítorí pé orí wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ìtumọ̀ rẹ̀ fẹ̀. Èyí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, owó orí ni. Èyí tó wà lórí ọjà, owó orí náà ni. Èyí tí ilé iṣẹ́ ọtí ń san kí ọtí tó jáde, owó orí ni a ṣì ń pè é. Àwọn baba wa yà wọ́n sọ́tọ̀ jù báyìí lọ. Owó ibodè ni oníbodè ń gbà lẹ́nu odi ìlú. Ẹrù ló ń wò, kì í wo orí. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san. Ilẹ̀ ni ó ń wò, yálà iṣu ta àbí kò ta. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Bí a bá kàn ní "owó orí igbó", ó máa dà bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n ń ka orí àwọn tó ń fà á. Ẹrù àti ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń ṣì wá lọ́nà ni "bófin mu". Ó kéré tán, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí pè. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà dájọ́ pé àgbàlagbà tó bá gbin igbó sínú ilé ara rẹ̀, tó sì lò ó níbẹ̀, kò dẹ́ṣẹ̀. Wọn ò sọ pé kó tà á. Ohun tí wọn ò bá sì tà, kò sí bí wọ́n ṣe máa gba owó ọjà lórí rẹ̀. Ní Gánà, àtúnṣe òfin tó wáyé ní 2023 fún mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé láṣẹ láti fún èèyàn níwèé àṣẹ láti gbin irú èyí tí èròjà THC inú rẹ̀ kò ju ìdá 0.3 nínú 100 lọ. Irú yẹn kì í pani bí ọtí. Òwú àti oògùn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀kẹta ni ti Kalifọ́níà àti Kánádà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wà lójú títì, tí wọ́n ń wo káàdì ìdánimọ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń fún yín ní rìsíìtì. Ibi ẹ̀kẹta yìí ni owó orí ti ń di àríyànjiyàn. Bí ẹnì kan bá tún ní "Áfíríkà náà ti ń fọwọ́ sí igbó", ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nàìjíríà ò sí nínú ìkankan wọn. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló gbà pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni igbó tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó lọ jà ní Bọ́mà àti Íńdíà padà dé. Ní 1966, ìjọba ológun ṣe òfin kan tó le débi pé ẹni tó bá gbìn ín lè fojú ba ikú. Ní 1975 wọ́n yọ ikú kúrò. Òfin Kejìdínláàádọ́ta ti ọdún 1989 ló dá NDLEA sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére sì wà nínú òfin wọn fún ẹni tó bá ń gbìn ín. Pẹ̀lú gbogbo èyí, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣèwádìí lórí lílo oògùn ní 2018, iye tí wọ́n fojú bù pé ó lo igbó láàárín ọdún kan jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 10.6. Àní orúkọ tí Yorùbá fún un kò dárúkọ ewé náà. Mo gbà pé àdàpè ni "igbó": ibi tó ń hù sí, tó fara pamọ́ sí, la fi ń pè é. (Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní kọ́lọ́ràdò. Orúkọ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ti ń ta igbó ní ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ kìíní ọdún 2014 ni, àmọ́ kẹ́míkà tí wọ́n fín sórí ewé gbígbẹ ni ohun tí wọ́n ń tà ní Èkó lábẹ́ orúkọ náà. Ó ti ba ayé ọ̀pọ̀ jẹ́.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Kalifọ́níà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò fún òfin tí wọ́n ń pè ní Proposition 64. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018 ni títà bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá ti pé ọdún 21. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ni wọ́n to owó léra. Àgbẹ̀ ń san dọ́là 9 àti sẹ́ǹtì 25 lórí áwúnsì òdòdó igbó gbígbẹ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 28. Ẹni tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù ń san ìdá 15 nínú 100 fún ìpínlẹ̀. Owó orí ọjà tí wọ́n ń san lórí aṣọ àti bàtà, tí kì í dín ní ìdá 7.25, tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, òfin fún ìlú kọ̀ọ̀kan àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti fi tirẹ̀ lé e, bí olùdìbò wọn bá ti gbà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò ó. Ká ní ohun tí oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ tà jẹ́ 40 dọ́là, ìlú náà sì ń gba ìdá 10. Ó di 44. Ìdá 15 ti ìpínlẹ̀ máa bọ́ sórí 44 yẹn, ó di 50 dọ́là àti sẹ́ǹtì 60. Owó orí ọjà á tún wá bọ́ sórí àpapọ̀, torí náà owó orí ń san owó orí. Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀ jẹ́ 54 dọ́là àti sẹ́ǹtì 27. Owó àgbẹ̀ ti wà nínú 40 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kọ̀rọ̀ ò san ìkankan nínú gbogbo èyí. Kò háyà ṣọ́ọ̀bù, kò gbé ọjà rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kò sì gba ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí àwọn ará ilé wa kì í mọ̀ sí. Ohun tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí i. Nínú òfin owó orí ìjọba àpapọ̀, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní 280E. Ó ní ẹni tó bá ń ta oògùn tí ìjọba àpapọ̀ kà léèwọ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ owó ilé, owó iná àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kúrò kó tó ṣírò èrè tó máa san owó orí lé lórí. Alágbàfọ̀ lè yọ ọ́. Oníbúrẹ́dì lè yọ ọ́. Oníṣọ́ọ̀bù igbó ò lè yọ ọ́. Èrè tó wà lórí ìwé nìkan ló máa fi san owó, kódà bí kò bá sí nǹkan kan nínú àpótí.

Ní Humboldt, nǹkan tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ilẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ ń wò. Humboldt, Mendocino àti Trinity ni wọ́n ti ń gbin igbó jù ní Kalifọ́níà láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin tó fọwọ́ sí i. Ní oṣù kọkànlá 2016 kan náà, àwọn olùdìbò Humboldt fọwọ́ sí owó orí tí wọ́n pè ní Measure S. Dọ́là 1 ni lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó bí wọ́n bá gbìn ín síta, dọ́là 2 bí ó bá jẹ́ oòrùn àti iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n jọ lò, dọ́là 3 bó bá jẹ́ inú ilé. Ẹ fi ilẹ̀ tiwa wọ̀n ọ́n. Púlọ́ọ̀tì méjì, àwọn tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 yẹn, jẹ́ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Àgbẹ̀ tó gbin igbó síta lórí púlọ́ọ̀tì méjì péré máa san 10,000 dọ́là lọ́dún fún ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọjà bá gbówó lórí, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ìṣákọ́lẹ̀ gan-an ni: onílẹ̀ ò bèèrè bóyá òjò rọ̀.

Ní 2021, òjò ò rọ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé ọjà wó. Àwọn oko ńláńlá ti gba ìwé àṣẹ káàkiri ìpínlẹ̀, igbó pọ̀ ju ẹnu tó ń fà á lọ, iye tí wọ́n ń ra páùn kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an. Owó tó wà lórí ilẹ̀ ò já. Àgbẹ̀ tí kò lè san án ní ọ̀nà méjì. Ó lè pa oko tì, kó kó kúrò ládùúgbò. Ó sì lè dá ìwé àṣẹ padà, kí àgbẹ̀ igbó padà sínú igbó, kó máa gbìn ín bó ṣe ń gbìn ín kí òfin tó dé.

Èyíkéyìí tó bá ṣe, ìjọba ìbílẹ̀ ló pàdánù. Owó ilẹ̀ náà ò ní wọlé mọ́. Ìlú kékeré bíi Garberville, tó jẹ́ pé owó àwọn àgbẹ̀ yìí ló ń gbé ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà irinṣẹ́ ibẹ̀ ró, á dá páropáro. Àwọn tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà ń gbé níbẹ̀. Wọ́n ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tó tì. Bí òfin wọn bá sì ṣe rí, láti fi kún owó orí, wọ́n gbọ́dọ̀ padà lọ bá olùdìbò. Láti dín in kù, ìgbìmọ̀ lè dá a ṣe. Wọ́n dá a ṣe.

San Francisco gba ọ̀nà mìíràn dé ibì kan náà. Àwọn ará ìlú dìbò fún owó orí tuntun lórí òwò igbó ní oṣù kọkànlá 2018, àmọ́ bí àkókò àtigbà á bá ti súnmọ́, ìgbìmọ̀ ìlú á tún sún un síwájú. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn tó ń tà á ní kọ̀rọ̀ ló máa jèrè bí àwọn bá gbà á. Nígbà tó yá, ìpínlẹ̀ náà gbọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2022, wọ́n fagi lé owó áwúnsì tí àgbẹ̀ ń san pátápátá. Àmọ́ òfin tó fagi lé e ní kí wọ́n wá ibòmíràn dí àlàfo náà, bó ṣe di pé ìdá 15 di ìdá 19 ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025 nìyẹn. Kò tó oṣù mẹ́ta, Gómìnà Gavin Newsom fọwọ́ sí òfin mìíràn tó dá a padà sí 15 láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Kì í ṣe pé gbogbo èèyàn ló dunnú sí dídín tí wọ́n dín in kù. Lára owó tí Kalifọ́níà ń rí lórí igbó ni wọ́n fi ń sanwó ibi ìtọ́jú ọmọ fún àwọn òbí tí kò rí já jẹ, òun náà ni wọ́n fi ń ran ètò àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi ń tún odò àti igbó tí àwọn agbingbó ìkọ̀kọ̀ bà jẹ́ ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí bèèrè pé, bí ẹ bá dín in kù, ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ náà? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì rí ẹni tó dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ó tún yẹ ká rántí pé ó lé ní ìdajì àwọn ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ Kalifọ́níà tí kò gba ṣọ́ọ̀bù igbó láyè rárá. Ọ̀rọ̀ dídín owó orí kù ò kàn wọ́n. Ní Michigan, níbi tí ìpínlẹ̀ ti ń pín owó fún ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́dọ̀ wọn, ìpín orí ṣọ́ọ̀bù kan lé ní 58,000 dọ́là nínú owó ọdún 2024. Síbẹ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà tún gbé ìdá 24 tuntun lé títà láàárín oníṣòwò sí oníṣòwò láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, torí wọ́n ń wá owó fi ṣe títì. Ojú ọ̀nà kejì pátápátá ni wọ́n kọrí sí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jọ tilé tó. Ẹ rántí ìrẹsì. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ gbé owó ibodè lórí ìrẹsì tí wọ́n ti ṣe parí dé ìdá 110 nínú 100. Ìyẹn ni pé ìrẹsì ẹgbẹ̀rún náírà gbọ́dọ̀ san ju ẹgbẹ̀rún kan lọ kó tó wọlé. Kọ́tọ́nù kún fún ìrẹsì ju èyí tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lè jẹ lọ, gbogbo wa ló sì mọ ibi tó gbà wọlé. A ti ìbodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ 2019, a ò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará Ìdìròkò bóyá ìrẹsì dáwọ́ wíwọlé dúró. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é, fàyàwọ́, ń ṣàlàyé ara rẹ̀: ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí wọ́n má bàa rí i. Owó ibodè tó wúwo jù ló ń sọ oníṣòwò di ẹni tó ń fàyà wọ́, ì báà jẹ́ ìrẹsì ni àbí igbó Humboldt.

Tilẹ̀ Ẹ̀gbá tí a wà lórí rẹ̀ yìí ti jà lórí owó orí rí, léraléra. Ní 1918, nígbà tí ìjọba amúnisìn Lugard gbé owó orí tuntun dé, àwọn Ẹ̀gbá dìde ní ohun tí a ń pè ní Ogun Adúbí. Wọ́n hú ojú irin, wọ́n sì gé wáyà tẹlígíráàfù ní gúúsù Abẹ́òkúta. Ní 1947 àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí owó orí àwọn obìnrin. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀. Nínú ìtàn méjèèjì, ẹni tó ń san ló ń ké, ẹni tó ń gbà ò gbọ́ àfìgbà tí nǹkan bàjẹ́. Ẹ ò ní rí ìtàn kan níbẹ̀ tí agbowó orí ti kọ́kọ́ ní "ó ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká gé e."

Kí ló fa ìyàtọ̀? Mi ò rò pé ará Humboldt láàánú jù wá lọ. Ohun tí mo rò ni pé ìkòkò kan náà ni àgbẹ̀ wọn àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn fi ń se oúnjẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, Abùjá ni oúnjẹ ìjọba ìbílẹ̀ ti ń wá. Nínú owó àpapọ̀, ìdá 20.6 nínú 100 ni ti ìjọba ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí wọ́n máa san án fún wọn tààrà. Bí ọjà ṣí, bí ọjà tì, owó náà ń bọ̀. Ìjọba tí ọjà tó kú ò lè febi pa, kì í tètè mọ̀ pé ọjà ń kú.

Ìdí nìyí tí mo fi ní àròjinlẹ̀ lórí ohun tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Oǹdó gbé dìde. Ní oṣù karùn-ún 2019, òun àti ọ̀gá NDLEA ìgbà náà lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin igbó ìkọ̀kọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà, gómìnà náà sì gbà pé owó tó yẹ kó wọlé ló ń ṣòfò sínú aginjù. Ní 2021, wọ́n ṣe àpérò lórí rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Buba Marwa, tó ti di ọ̀gá NDLEA nígbà náà, fárígá pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan ń sọ owó, èkejì ń sọ àwọn ọ̀dọ́ tí orí wọn ń dàrú, àwọn méjèèjì sì ní ẹ̀rí. (Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á, mo ti rí ohun tó ń ṣe fún àwọn tí a jọ dàgbà.) Ohun tí wọn ò bá ara wọn sọ ni ẹni tí owó náà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tó máa lágbára láti dín in kù lọ́jọ́ tó bá wúwo jù.

Òfin ilẹ̀ wa ti dáhùn rẹ̀ láìmọ̀. Nínú ìwé òfin 1999, oògùn àti májèlé wà nínú àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni owó ibodè àti owó orí ọjà tí ilé iṣẹ́ ń ṣe jáde. Bí igbó bá bófin mu lọ́la, ìjọba Abùjá ni yóò fún èèyàn níwèé àṣẹ, òun náà ni yóò sì dá iye owó rẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfọ̀, tí Òkè-Àró wà lábẹ́ rẹ̀, ò ní lẹ́nu níbẹ̀. Ohun tí òfin 1998 lórí owó orí yàn fún ìjọba ìbílẹ̀ ni owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóósì, owó ilé, owó ọjà, owó gáréèjì, owó ibi ìpẹran, owó ìwé àṣẹ títa ọtí, àti irú wọn. Ìyá tó ń ta paraga nínú gáréèjì wà lábẹ́ agbára wọn. Àgbẹ̀ tó ń gbin igbó ò ní sí níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo nǹkan tó wà nínú ìwé yẹn dáadáa. Owó ibi ìpẹran àti owó ọjà wà níbẹ̀. Òkè-Àró ni wọ́n ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ jù lọ lágbègbè wa, bóyá ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ní 2020, àìsàn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní African swine fever wọlé, ó sì kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ bí ẹni gbálẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ igbó Humboldt ní 2021 ò le tó ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Àró ní 2020. Ìyàtọ̀ tó tún wà ni pé ẹnu ààlà la wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ò jìnnà sí ẹsẹ̀ ọ̀nà. Bí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ alápatà bá wúwo lápá ibí, kò nílò ìwé ìrìnnà kó tó kó ẹran rẹ̀ sọdá sápá ọ̀hún, gẹ́gẹ́ bí ìrẹsì ṣe ń ti Kọ́tọ́nù sọdá.

Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló sì lè ṣe òfin lórí irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè dín in kù ní ọdún tí nǹkan bá bàjẹ́, láìdúró de Abùjá tàbí Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tó ti jáde ní ẹ̀ka yìí, tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìgbìmọ̀ tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ẹ bá wa wo ìwé òfin kékeré tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, bóyá gbólóhùn kankan wà níbẹ̀ tó sọ ẹni tó lè dín owó kù àti ìgbà tó lè dín in. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, ní Yorùbá tí ìyá alápatà lè kà.